Jẹ́sì Arsenal Àtijọ́: Ẹ̀yin Lẹ Béèrè, Àwa La Dáhùn

Láti ìgbà tí a ti kéde pé a ó ya ojú-ewé yìí sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń kó jẹ́sì bọ́ọ̀lù àtijọ́ jọ, lẹ́tà tó wọlé kò kéré, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì dá lórí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ìyẹn Arsenal ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹgbẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ní Woolwich dá sílẹ̀ ní ọdún 1886, tí wọ́n kọ́kọ́ ń pè ní Dial Square, tó sì jẹ́ pé Nottingham Forest ló fi aṣọ pupa àkọ́kọ́ ta wọ́n lọ́rẹ, kò lè ṣàìní ìtàn lára aṣọ rẹ̀. Mo mú ìbéèrè mẹ́fà nínú wọn. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń wo irú aṣọ bẹ́ẹ̀, kí ìdáhùn mi má baà rú ẹnikẹ́ni lójú: ìbuwọ́lùwé ló rọrùn jù lọ láti yí, aṣọ gan-an ló ṣòro jù. Ẹni tó bá ti ní máákà lọ́wọ́ lè kọ orúkọ ẹni tó wù ú, ṣùgbọ́n àwọn tó lè hun aṣọ ọdún 1989 lónìí, tí gbogbo ojú rírán rẹ̀ yóò sì pé, kò pọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń yí inú aṣọ síta kí n tó ka orúkọ tó wà lójú rẹ̀.

Ìbéèrè: *Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ mi tó ti di olóògbé fi jẹ́sì Arsenal aláwọ̀ ìyeyè kan sílẹ̀. JVC ni wọ́n kọ sí àyà rẹ̀, ìbuwọ́lùwé bíi mẹ́rìnlá sì wà lára rẹ̀. Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé aṣọ tí Arsenal fi gba ife líìgì ní Anfield ni. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni, ṣé kí n sì fọ̀ ọ́ kí n tó gbé e fún akọ́bí wa? (Ìyá àwọn ọmọ, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)*

Ìdáhùn: A bá yín kẹ́dùn, mà, Ọlọ́run yóò máa wà pẹ̀lú ẹ̀yin àti àwọn ọmọ. Ẹ má fọ aṣọ náà o. Ọṣẹ àti omi lè ba ìbuwọ́lùwé jẹ́ kọjá àtúnṣe, ìdọ̀tí pápá tó bá sì wà lára rẹ̀, bó bá jẹ́ pé agbábọ́ọ̀lù ló wọ̀ ọ́ lóòótọ́, ẹ̀rí ni, kì í ṣe àbàwọ́n.

Ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 1989 ni bàbá ń sọ. Ìdíje tó kẹ́yìn sáà náà ni, Arsenal sì gbọ́dọ̀ fi góòlù méjì lu Liverpool nílé wọn kí ife náà tó lè di tiwọn. Alan Smith gbá ọ̀kan wọlé. Nígbà tí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ti pé, tí wọ́n ń gbá èyí tí adájọ́ fi kún un, ni Michael Thomas gbá èkejì. Aṣọ ìyeyè tí adidas rán, tí orúkọ JVC, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ wọn nígbà náà, wà ní àyà rẹ̀, ni Arsenal wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí náà ohun tí ẹ ṣàpèjúwe bá ìtàn yẹn mu dé ìwọ̀n àyè kan. Àmọ́ bí ènìyàn bá ní "aṣọ tí Arsenal fi gba ife," nǹkan mẹ́ta ló lè ní lọ́kàn. Ó lè jẹ́ aṣọ tí agbábọ́ọ̀lù kan bọ́ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó lè jẹ́ irú rẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù ń tà fún àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́. Ó sì lè jẹ́ èyí tí ẹnì kan rà ní ṣọ́ọ̀bù, tó wá gbé e tọ àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ pé kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ̀kẹta yìí ló wọ́pọ̀ jù, kò sì sọ ọkọ yín di òpùrọ́.

Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bí kò bá sí nọ́ńbà níbẹ̀ rárá, kì í ṣe ti agbábọ́ọ̀lù. Bí nọ́ńbà bá wà, tí orúkọ ènìyàn tún wà lókè rẹ̀, ẹnì kan ló fi orúkọ náà kún un lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nítorí pé ọdún 1993 ni àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù sẹ́yìn aṣọ. Ó sì dùn mọ́ni pé Arsenal fúnra wọn, pẹ̀lú Sheffield Wednesday, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é, nínú àṣekágbá ìdíje League Cup ọdún náà.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá ka àwọn ìbuwọ́lùwé. Àwọn mọ́kànlá tó bẹ̀rẹ̀ ìdíje lálẹ́ ọjọ́ náà ni Lukic, Dixon, O'Leary, Adams, Bould, Winterburn, Rocastle, Thomas, Richardson, Merson àti Smith. George Graham sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Bí orúkọ tí ẹ bá rí kà bá jẹ́ ti àwọn wọ̀nyí, inú mi yóò dùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ti David Seaman láàárín wọn, ọdún 1990 ló dé Arsenal. Bí ẹ bá sì rí ti Ian Wright, oṣù Kẹsàn-án ọdún 1991 ni tirẹ̀. Ìyẹn kò sọ aṣọ di ayédèrú, ohun tó ń sọ ni pé wọn kò fọwọ́ sí i ní ọdún tí ẹ rò. Ẹ wo ti David Rocastle dáadáa. Ó kúrò ní Arsenal lọ sí Leeds ní 1992, ó sì kú ní oṣù Kẹta ọdún 2001 nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Àwọn olólùfẹ́ Arsenal kì í fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ tó dájú sì wà lára èyí tí wọ́n ń wá jù.

Ní ti yíǹkì fúnra rẹ̀, ẹ gbé aṣọ náà sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ fi kámẹ́rà fóònù yín fà á súnmọ́. Yíǹkì máákà gidi máa ń rá wọ inú òwú, ó sì máa ń tẹ̀ lé ojú híhun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, débi tí etí ìlà náà kò ní gún régé. Ibi tí ìlà méjì bá ti gorí ara wọn yóò dúdú ju ìyókù lọ. Bó bá ti pẹ́, dúdú rẹ̀ máa ń yí sí àwọ̀ àlùkò, òjìji rẹ́súrẹ́sú kan yóò sì yí i ká. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ó máa ń jókòó sórí aṣọ ni, ó sì dúdú bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ tún wò ó bóyá ọwọ́ kan náà ló kọ gbogbo wọn, nítorí pé ènìyàn mẹ́rìnlá kì í tẹ kálámù bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn kì í sì í dagun sí apá kan.

Ohun tó kù kì í ṣe ti aṣọ mọ́. Ẹ wá inú àpótí ọkọ yín wò bóyá tíkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, tàbí fọ́tò, tàbí lẹ́tà. Kí ẹ sì kọ ohun tí ó sọ fún yín sórí ìwé báyìí tí ẹ ṣì rántí rẹ̀: ibi tó ti rà á, ọdún tó rà á, ẹni tó bá a gbé e lọ fún ìfọwọ́sí. Kí ẹ fi déètì sí i, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ kó o pọ̀ mọ́ aṣọ náà fún akọ́bí yín.

Ìbéèrè: *Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ìbàdàn. Ẹnì kan fẹ́ ta jẹ́sì Arsenal pupa fún mi, adidas ló rán an, SAKA àti nọ́ńbà 7 ló wà lẹ́yìn rẹ̀, Bùkáyọ̀ sì ti fọwọ́ sí i. Ó ní ti sáà 2019 sí 2020 ni, ìyẹn sáà tí Saka kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn àgbà Arsenal, ìwé ẹ̀rí sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣé kí n san owó?*

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má san kọ́bọ̀. Oṣù Kọkànlá ọdún 2018 ni Saka kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn àgbà, nínú ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù. Puma ló ń rán aṣọ Arsenal nígbà náà, nọ́ńbà 87 ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní sáà 2019 sí 2020 tí adidas padà dé, 77 ló wọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó tẹ̀ lé e ni 7 tó di tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹni yẹn sọ kò bá aṣọ ọwọ́ rẹ̀ mu níbi méjì, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì kan ìbuwọ́lùwé rárá. Lóòótọ́, olólùfẹ́ kan lè ra aṣọ sáà yẹn, kó ní kí wọ́n tẹ 7 sí i nígbà tó yá, kí Bùkáyọ̀ sì bá a fọwọ́ sí i lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Kìkì pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà fún ọ nìyẹn, orí ìtàn ni wọ́n sì gbé owó rẹ̀ lé.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, èmi náà ti jìn sí kòtò yẹn rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn mo ra jẹ́sì tí wọ́n ní Thierry Henry fọwọ́ sí lọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé ẹ̀rí tó bá a wá dán, èdìdì wúrà wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wá kí mi, ó wò ó títí, ó ní òun náà ní irú rẹ̀. Nígbà tó gbé tirẹ̀ wá, a gbé ọ̀kan lé orí èkejì, a gbé méjèèjì síwájú fèrèsé kí oòrùn lè gbà á kọjá. Orúkọ méjèèjì bo ara wọn mọ́lẹ̀ láìsí ibi tí ọ̀kan fi yọ síta. Ọwọ́ ènìyàn kì í kọ orúkọ lẹ́ẹ̀mejì kó rí bẹ́ẹ̀ láé. Ẹ̀rọ ló kọ wọ́n. Ìwé ẹ̀rí náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó dára fún fífi nu gíláàsì.

Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe bí ìwé ṣe dán tó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń fi ìbuwọ́lùwé ṣòwò ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní AFTAL, tó ní òfin tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ pa mọ́. Ó yẹ kí o béèrè bóyá olùtajà wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, kí o sì wá orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ, kì í ṣe lára ìwé tí òun fún ọ. Béèrè pẹ̀lú bóyá fọ́tò ìgbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí i wà, kó jẹ́ pé aṣọ yẹn gan-an ló hàn nínú rẹ̀. Fọ́tò Saka níbi tó ti ń fọwọ́ sí nǹkan mìíràn kò wúlò fún ọ.

Ìbéèrè: *Òkìríkà ni mò ń tà ní Kàtángúà. Inú béélì kan ni mo ti rí jẹ́sì Arsenal aláwọ̀ ìyeyè tó ní ìlà dúdú wọ́gọwọ̀gọ káàkiri. Oníbàárà kan ní òun yóò fún mi ní owó gidi lórí rẹ̀, òmíràn ní àwòkọ ni. Ta ni kí n gbà gbọ́?*

Ìdáhùn: Ẹ má tíì tà á. Aṣọ tí Arsenal ń wọ̀ lọ sí ìta láti 1991 sí 1993 lẹ ṣàpèjúwe yẹn, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà pé ó dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó fara gbọgbẹ́. Ayé ti yí padà, òun ni àwọn akójẹ́sìjọ wá ń du báyìí. Nítorí pé wọ́n ń du ú ni adidas ṣe fi àwòrán rẹ̀ dárà sí aṣọ ìta Arsenal ti sáà 2019 sí 2020. Èyíinì kò ṣòro láti dá mọ̀, Emirates Fly Better ló wà ní àyà rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé JVC ló wà lára ti àtijọ́. Èyí tó máa ń dani láàmú ni àwọn àwòkọ tí wọ́n rán láti dà bí ti 1991 látòkè délẹ̀, yálà pẹ̀lú àṣẹ ẹgbẹ́ tàbí láìsí i.

Ẹ wo báàjì rẹ̀. Àgbá (ìbọn ńlá) tó wà nínú báàjì tí Arsenal lò láti 1949 kọjú sí apá òsì ẹni tó ń wò ó. Nígbà tí wọ́n yí báàjì padà ní 2002, wọ́n kọjú àgbá sí apá ọ̀tún. Ìdí tí wọ́n fi yí i padà gan-an kan òwò wa yìí: wọ́n fẹ́ báàjì tí wọ́n lè fi òfin dáàbò bò, torí pé ọkùnrin kan tó ti ń ta ọjà Arsenal tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Highbury, pápá Arsenal nígbà náà, láti 1970 ni wọ́n ń bá ṣẹjọ́ lọ́wọ́ lákòókò náà, ẹjọ́ tó rìn dé ilé ẹjọ́ gíga ti ilẹ̀ Yúróòpù kí Arsenal tó jàre ní 2003. Nítorí náà, bí àgbá ara aṣọ yín bá kọjú sí ọ̀tún, ọ̀rọ̀ ti parí. Bó bá kọjú sí òsì, ẹ ṣì ní láti wo inú, torí pé aláwòkọ tó gbọ́n mọ ìyẹn.

Ẹ yí inú aṣọ síta, kí ẹ ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí ara lébẹ́ẹ̀lì tó wà ní ọrùn àti ní ìhà. Bí ẹ bá rí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kankan níbẹ̀, tàbí àmì onígun mẹ́rin tí wọ́n ń fi fóònù yà, ẹ mọ̀ pé ọmọ ìsinsìnyí ni. Àwọn aṣọ ìgbà tiwa yìí tún máa ń ní nọ́ńbà ọjà kékeré lára lébẹ́ẹ̀lì inú. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà sí Google, bí aṣọ mìíràn bá jáde, tàbí bàtà, a jẹ́ pé ẹni tó rán ayédèrú yẹn kàn fi nọ́ńbà kan ṣoṣo sí gbogbo ọjà rẹ̀ ni. Ti 1991 kì í ní gbogbo wàhálà yìí. Lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ yóò ti ṣá, etí rẹ̀ yóò ti ká, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ sì ni yóò wà lára rẹ̀. Bí ara aṣọ bá gbó, tí lébẹ́ẹ̀lì sì dán bí ti àná, kí ẹ fura.

Ìbéèrè: *Wọ́n fẹ́ ta aṣọ Arsenal ti ọdún 1931 fún bàbá mi, èyí tó ní apá funfun àti nọ́ńbà 7 lẹ́yìn. Owó rẹ̀ wọn bí ojú. Kí lẹ rí sí i?*

Ìdáhùn: Kí bàbá gbé owó wọn sápò. Oṣù Kẹta ọdún 1933 ni Herbert Chapman, akọ́nimọ̀ọ́gbá Arsenal nígbà náà, tó gbé apá funfun jáde, nínú ìdíje pẹ̀lú Liverpool. Ní ti nọ́ńbà, òótọ́ ni pé Arsenal wọ̀ ọ́ dán wò lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1928 nílé Sheffield Wednesday, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ Líìgì kò fọwọ́ sí i títí di 1939. Aṣọ Líìgì 1931 tó ní méjèèjì kò sí láyé.

Ìbéèrè: *Ilé mi ń bẹ ní Houston. Mi ò fẹ́ jẹ́sì ẹlòmíràn, ti Kanu ni mo fẹ́. Èwo ni kí n wá?*

Ìdáhùn: Ẹ ti ṣe yíyàn tó tọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1999 ni Nwankwo Kanu ti Inter Milan dé, ó sì wà ní Arsenal títí di 2004. Nọ́ńbà 25 ló wọ̀. Oṣù díẹ̀ péré ló fi wọ aṣọ tó ní JVC, nítorí pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ni JVC kúrò lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún. Dreamcast ló gba àyà aṣọ ilé, Sega sì gba ti ìta. Nígbà tó di 2002, O2 ló kù. Bó bá jẹ́ èmi, ti sáà 1999 sí 2000 ni n óò wá, nítorí ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 1999. Chelsea ti fi góòlù méjì sí òdo ṣíwájú nílé wọn, kò sì ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tó kù tí Kanu fi gbá mẹ́ta wọlé. Ẹ̀kẹta yẹn, níbi tó ti fa aṣọ́lé Chelsea jáde títí dé ẹ̀gbẹ́ ìlà, tó sì gbá a wọlé láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò retí, mo ṣì máa ń wò ó bí inú mi kò bá dùn.

Ẹ fọwọ́ pa lẹ́tà àti nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀. Láti 1997 ni gbogbo ẹgbẹ́ Premier League ti ń lo irú lẹ́tà kan náà, èyí tó sì wà láyé Kanu máa ń rí bí àrán lọ́wọ́, ó ní irun kéékèèké. Ní ìsàlẹ̀ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, àmì Premier League kékeré kan wà níbẹ̀, kìnnìún rẹ̀ kò ju èékánná ìka lọ. Bí lẹ́tà bá ń dán bí nylon, tí kìnnìún kò sì sí níbẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ KANU sí i ni, kódà bí aṣọ bá jẹ́ ojúlówó. Ẹ lè rà á o, àmọ́ kí ẹ san owó aṣọ lásán.

Ìbéèrè: *Ooru àti ọ̀rinrin Èkó fẹ́ ba jẹ́sì mi jẹ́, JVC ara ọ̀kan ti ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Báwo ni kí n ṣe tọ́jú wọn? Ṣé mo sì lè máa wọ̀ wọ́n?*

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe ká aṣọ náà kí lẹ́tà dojú kọ lẹ́tà. Ẹ tẹ́ aṣọ òwú funfun tó mọ́ sáàárín kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ po, kí ẹ má sì jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù súnmọ́ ọn láé. Èyí tó ti lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ẹ má fi ipá ya á. Ẹ gbé e sí yàrá tó tutù fún ọjọ́ kan, kí ẹ wá máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ láti etí. Ẹ má dì wọ́n pa sínú ọ̀rá, nítorí ọ̀rinrin tó bá há síbẹ̀ ni yóò mú kí aṣọ bu. Àwọn àpò kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, tí a máa ń dà nù, ẹ kó wọn jọ sínú àpótí náà, wọ́n máa ń fa omi mu. Káńfọ̀ dára fún kòkòrò, bí ẹ bá ti so ó sínú aṣọ kékeré kí ó má fara kan lẹ́tà. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ gbé wọn síta níbòòji fún wákàtí kan. Oòrùn kò gbọdọ̀ rí ìbuwọ́lùwé, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò sì gbọdọ̀ gbé e kọ́ sí ògiri tó dojú kọ fèrèsé.

Wíwọ̀ ńkọ́? Èyí tó ní ìbuwọ́lùwé, rárá, òógùn yóò pa á run. Èyí tí kò ní, ẹ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí inú yín bá dùn. Tèmi ni ti sáà 2005 sí 2006, sáà ìkẹyìn ní Highbury, èyí tí ẹgbẹ́ náà rán láti fi rántí àwọ̀ tí wọ́n wọ̀ nígbà tí wọ́n dé pápá náà ní 1913. Pupa rẹ̀ jinlẹ̀ bíi zóbò, nítorí náà ọjọ́ tí mo bá wọ̀ ọ́ ni mo máa ń mu zóbò láìbẹ̀rù.